Òróró Tí Ìyá Àgbà Ní Kí Wọ́n Dà Padà Sínú Ìgò

Ìyá tó bí ìyá mi kú sí Lucan, létí Dublin, lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí fèrèsé, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣe wínniwínni. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. Àwa ọmọ-ọmọ ń pè é ní Ìyá Àgbà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni. Kò tíì múra àtikú rárá. Ìkúnlẹ̀ ló ń múra fún.

Èmi ni Àkànní, èyí tó tọ́ dàgbà nínú wa. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní Ọ́ńkù Kànní. Mo ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù ní ilé ìkẹ́rù-sí kan ní Mulhuddart: mo ń gbé páálí gòkè, mo ń gbé páálí sọ̀kalẹ̀. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹ bá mi fojú fo ibi tó bá wọ́. Ẹ̀rù ni mo mọ̀ dunjú. Mo ń bẹ̀rù dókítà, mo ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́, mo ń bẹ̀rù àpò ìwé tó bá ti ní òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn lára. Ọjọ́ tí wọ́n gún wa ní abẹ́rẹ́ níbi iṣẹ́, èmi tí mo ga tó ilẹ̀kùn ni mo ṣubú lé obìnrin tó ń gún un lọ́wọ́. Mo ní láti sọ èyí ṣáájú, torí ẹ̀rù mi yìí wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Ìyá Àgbà, ó wà níbẹ̀ gan-an.

Ẹni tó bá dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn mọ ohun tí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ń jẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ kan, ohun tó sì gbà bọ̀ níbẹ̀ ni pé inú ènìyàn kò yàtọ̀ sí ilẹ̀ wọ́ọ̀dù: bí wọn ò bá gbá a, àìsàn á fi ṣe ilé. Nítorí náà, kí a tó fọ ẹnu, ewé àsùnwọ̀n ti ń hó lórí iná. Ife kan fún ẹni tó ti dàgbà, ààbọ̀ ife fún ọmọdé. Ó korò débi pé etí ń gbọ́ ọ. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, oníkálukú á mú póò tirẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, Ìyá Àgbà á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà tó ń máàkì ìwé.

"Ìwọ, o ti jẹ ilẹ̀. Ìwọ, ẹ̀pà ta lo jẹ lánàá? Àkànní, ọkàn tìẹ ò balẹ̀. Kí lo ṣe?"

Òótọ́ ni. Mo ti fọ́ gíláàsì àtùpà, mo ti kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Títí di òní mi ò mọ bí ìgbẹ́ ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ gíláàsì. Mo bú sẹ́kún pé ó ti wo tèmi jù, pé kó gbójú kúrò. Ó tẹ̀ wálẹ̀, ó ní: "Ojú ò tì mí láti wò ó. Kí ló dé tí ojú wá ń tì ọ́ láti fi hàn mí?"

Ṣùgbọ́n òun náà ní ohun tó fi pamọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo tó kù láyé, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Òkè, tó fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Láti kékeré wọn, Ìyá Àgbà kì í kí obìnrin yìí láìjẹ́ pé orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ó di ìyàwó, ó ń kúnlẹ̀. Ó di ìyá àgbà, ó ṣì ń kúnlẹ̀. Ọjọ́ tó máa kúrò nílé bọ̀ wá bá wa ní Dublin, ó lọ dágbére. Màmá Òkè jókòó sórí àpótí níwájú ilé, àwọn ìyàwó ilé yí i ká. Ìyá Àgbà dé iwájú rẹ̀, ó dúró gbọnrangandan, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, mo ti ń lọ."

Màmá Òkè wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ yí, ó kọjú sí ògiri, ó fẹ̀yìn fún un.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ níbẹ̀ ni pé orúnkún Ìyá Àgbà ti kọ̀ láti ká láti bí oṣù mélòó kan. Ó ń fi àkísà dì í mọ́ abẹ́ ìró. Bó bá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé e dìde bí àpò gaàrí lójú àwọn ìyàwó ilé. Ojú tì í. Ó rò pé òun á ṣàlàyé tó bá yá. Kò yá. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Tómi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bí sí Dublin yìí, gbọ́ Yorùbá bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí ló fi ń dáhùn. Nígbà tó gbọ́ ìtàn náà, ó ní, "Would she not just ring her, like?" Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà pé Tómi ní ẹ kàn pè wọ́n lórí fóònù. Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Orúnkún ló bà á jẹ́, orúnkún ló máa tún un ṣe. Ẹnu ò lè bá mi kúnlẹ̀."

Dublin ò bá a lára mu, ó sì ń sọ fún Dublin bẹ́ẹ̀. Ó ń bá òjò jà láti ojú fèrèsé: "Bó o bá fẹ́ rọ̀, rọ̀! Má máa tutọ́ sí wa lára!" Ó bá ẹ̀gbọ́n mi, tó gbà á sílé ní Lucan, jà nítorí pé ó ń gbé bọ́tà sínú fíríìjì tó ń dákú. Ó bá mi jà nítorí pé mo ń fi máíkíróweefù mú oúnjẹ gbóná, ó ní inú mi á máa rò pé ìyà kan ń jẹ òun. Ibi tí ara ti tù ú ni ẹ̀yìnkùlé, níbi pákó tó pààlà sáàárín wa àti ilé kejì, torí pé òórùn ewé ń wá láti ibẹ̀.

Obìnrin ará Íńdíà kan ló ń gbé níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń jẹ́ Mínà, nítorí náà Ìyá Mínà ni Ìyá Àgbà ń pè é, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni fífọ inú àti fífi òróró wo ara, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn láti ayébáyé. Ó kọ́ yàrá onípákó kan sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Tábìlì igi gígùn kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú àpótí kan tí ènìyàn á jókòó sínú rẹ̀, tí orí nìkan á yọ síta, tí ooru omi á máa sè é. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àpótí yìí, mo ní, "Ìyá Àgbà, wọ́n fẹ́ fi yín ṣe mọ́ínmọ́ín ni o."

"Ìwọ ò ní í dùn ní tìẹ," ó ní. "Bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Èmi ni ògbufọ̀. Ìyá Mínà ní òun kì í kàn fún ènìyàn ní oògùn ìyàgbẹ́. Ó kọ́kọ́ ń fún un ní bọ́tà yíyọ́ mu láràárọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, tí á máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́, kí ìdọ̀tí tó há sí oríkèé lè rọ̀. Lẹ́yìn náà, á fi òróró yanmọtí gbígbóná ra gbogbo ara, á fi ooru sè é, kí ó lè kó gbogbo ìdọ̀tí wá sínú ikùn. Ìgbà yẹn ló tó máa fún un ní oògùn tó ń gbé e jáde. Tó bá tán, á máa mu ìrẹsì rírọ̀ títí ikùn á fi mọ oúnjẹ padà.

Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bú u ni.

"Ìkòkò tí ẹ̀kọ jó mọ́ nídìí," ó ní. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi, àgídí ni mo fi ń ha á. Òun ń rẹ ẹ́."

Ọjọ́ náà gan-an, ní kíṣìnnì ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Mínà gbé òróró díẹ̀ kaná, ó fi ra orúnkún rẹ̀ ọ̀tún títí. Ìyá Àgbà wá di etí síǹkì mú, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ó lọ sílẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan. Ìbú ọwọ́ kan péré! Ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án, kò lọ sílẹ̀ tó ìka kan rí. Ó dìde, omi ti kún ojú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé ijó ni. Ó ní: "Àkànní, bá mi wo ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sílé lẹ́yìn Àjíǹde. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní àádọ́rùn-ún."

Mi ò mọ̀ bóyá òróró lè sọ orúnkún arúgbó di tuntun. Ìyá Mínà náà ò ṣèlérí. Ó ní tí ara bá gbà á, ó ṣeé ṣe kó tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Ìyá Àgbà ń wá.

Wọ́n dá ọjọ́. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, Ìyá Àgbà rán mi lọ sí Moore Street pé kí n bá òun wá ewé àsùnwọ̀n gbígbẹ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa. Mo rà á. Mi ò bèèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, bí mi ò ṣe ń bèèrè nǹkan kan tó bá jọ mọ́ àìsàn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé, mo bá a lórí àga, ojú rẹ̀ ti jìn, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Tómi ń fi ṣíbí fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ó ti se àsùnwọ̀n, ó ti mu ife méjì gbáko. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ.

Ìyá Mínà wọlé pẹ̀lú bọ́tà rẹ̀ nínú abọ́. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbọ́ bó ṣe ń lù. Ó bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó káwọ́ lérí.

"Kí ló ní?" Ìyá Àgbà bi mí.

"Ó ní ẹ ti fọ̀ ọ́ tán kí afọnú tó dé. Ó ní ó ti rẹ̀ yín jù, ó di oṣù méjì sí i."

"Ah, Grandma!" ni Tómi pariwo. "Why would you do that?"

Ó ṣàlàyé, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé kedere: ṣé kí òun gbé inú dídọ̀tí lọ síwájú ọmọ ọlọ́mọ ni? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi kì í gbálẹ̀ kí ẹni tó ń bá a tún ilé ṣe tó dé ni? Ìyá Mínà ṣáà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá Àgbà fi orí lé àga, ó di ojú rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ kéré: "Bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Mo fẹ́ kí ara mi wù ú ni."

Ó wá ku tèmi. Tí mo bá lè fò ó, ǹ bá fò ó.

Láti bí ọdún kan ni ẹ̀jẹ̀ ti ń bá ìgbẹ́ mi jáde. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní ata ni. Mo fi ata sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò fi mí sílẹ̀. Mo ní jẹ̀dí ni, á lọ. Nígbà tó pọ̀ sí i, mo wá ọgbọ́n kan tó jẹ́ pé irú mi nìkan ló lè rí i: mo ń pa iná ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí n tó wọlé. Tí mi ò bá rí i, mo lè sọ fún ara mi pé kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tó ń táràrà wá bébà nínú òkùnkùn ní ọ̀sán gangan! Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín nígbà náà, títí n ó fi bọ́ síta.

Oṣù méjì pé. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, Ìyá Àgbà gbọ́ràn. Ó mu bọ́tà yíyọ́ láràárọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ó ń fojú sunkún, ó ń fọwọ́ di imú, ṣùgbọ́n kò tú u. Ó ní nítorí Màmá Òkè, òun á mu màlúù náà tìwo-tìwo. Ọjọ́ kẹfà, mo mú un lọ sí yàrá onípákó náà. Ó jókòó sí etí tábìlì, ìró rẹ̀ ní àyà, gèlè ti kúrò lórí. Irun rẹ̀ funfun, kò pọ̀ mọ́. Òróró ti gbóná nínú abọ́ idẹ. Ó ku kí n bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Kó bu oògùn lọ́la fún Àkànní náà," Ìyá Àgbà ní. "Ó pẹ́ tó ti ń di ikùn mú."

"Ìyá Àgbà, nǹkan kan ò ṣe mí."

"Mi ò bi ẹ́. Túmọ̀ ẹ̀ fún un."

Mo túmọ̀ ẹ̀. Ìyá Mínà ní òun kì í kàn bu oògùn bẹ́ẹ̀, òun á bèèrè ọ̀rọ̀ ná. Ó bi mí bóyá mo ń sùn, bóyá oúnjẹ ń wọlé, bóyá mo ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ń dáhùn. Ó wá bi mí, pẹ̀lú ohùn kan náà, bóyá mo ń rí ẹ̀jẹ̀. Mo ní rárá. Mo tún fi ẹ̀rín sí i.

"Kí ló bi ẹ́?" ni Ìyá Àgbà.

"Ó ní ṣé mo ń jẹ ata púpọ̀."

"Kí lo wá ní?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Orí lo mì pé rárá."

Mo yíjú sí abọ́ òróró.

"Àkànní. Èmi ni mo fọ ìdí ẹ. Kí ló bi ẹ́?"

Mo sọ ọ́. Ohùn mi jáde bíi ti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó bi mí láti ìgbà wo, mo sọ ìyẹn náà. Mo sọ ti iná tí mò ń pa. Mo retí pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá sílípáàsì rẹ̀ nísàlẹ̀ tábìlì.

"Sọ fún un kó da òróró yẹn padà sínú ìgò."

Ìyá Mínà bẹ̀ ẹ́. Ó ní òtítọ́ ni, ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹni tí òun lè fún ní oògùn ìyàgbẹ́, kí n lọ rí dókítà lọ́la gan-an. Ṣùgbọ́n kí ni ti Ìyá Àgbà níbẹ̀? Ó ti mu bọ́tà tán, ara rẹ̀ ti rọ̀, orúnkún ti ṣetán. Bó bá dìde báyìí, gbogbo rẹ̀ dòfo, àfi kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, mo sì fi ẹ̀bẹ̀ tèmi lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Àgbà. Ẹ ṣe tiyín. Màá lọ. Mo ṣèlérí."

"O máa lọ. Ó ti tó ọdún kan tó o ti ń lọ." Ó ti wọ bàtà rẹ̀. "Bí mo bá ṣe tèmi, màá bá tèmi lọ sílé, ìwọ á padà sínú òkùnkùn ẹ. Sọ fún un pé ẹnì kankan ò ní fọwọ́ kan ara mi títí wọ́n á fi yẹ ara tìẹ wò."

Mo ń sunkún. Ó di èjìká mi mú kí ó lè sọ̀kalẹ̀, ó sì sọ ọ́ sí mi létí, kò le, kò rọ̀: "Mo fi orúnkún pamọ́, ó gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mi. Èyí tí ìwọ fi pamọ́ yìí, ìwọ gan-an ló máa gbà."

Mo lọ rí dókítà. Wọ́n kọ orúkọ mi sínú àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n máa yẹ inú wọn wò, oṣù sì ń gorí oṣù. Ọkọ̀ òfurufú ẹ̀yìn Àjíǹde lọ, kò gbé e. Ìyá Mínà gbé ìgò òróró kékeré kan wá pé kí wọ́n ṣáà máa fi ra orúnkún náà kí ó má tún gan padà. Ìyá Àgbà dúpẹ́, kò gbà á. Orúnkún gan padà. Irin tí wọ́n fi ń rìn ló wá ń tì kiri inú ilé, gbogbo ìgbà tí mo bá sì wọlé, ìkíni kan náà ni: "Ṣé wọ́n ti pè ọ́?"

Ìwé ìpè dé. Kí n má purọ́, mo fi í sẹ́yìn àpò ìrẹsì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí Tómi ń pè ní press, fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe dé Lucan tí mo gbọ́ ìró irin rẹ̀ tó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ̀ kọ̀ kọ̀, mo fa ìwé náà yọ kí ó tó bèèrè.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí àwọn dókítà kọ́kọ́ ń ṣe fún ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹ inú rẹ̀ wò? Wọ́n ń fọ̀ ọ́. Wọ́n fún mi ní ìyẹ̀fun tí n ó pò mọ́ omi, kí n mu ún tán pátá, kí n sì máa lọ títí ohun tó ń jáde á fi mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ṣe é, torí ẹ̀rù ò jẹ́ kí n dá a ṣe. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé àga òun sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀.

"Ó ti mọ́?"

"Kò tíì mọ́."

"Mu òmíràn. Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"

"Bí omi iyọ̀ tí wọ́n fi ọsàn parọ́ fún."

"Ó sàn ju àsùnwọ̀n lọ?"

"Ó sàn díẹ̀, mà."

"Àwọn òyìnbó náà gbìyànjú."

"You're grand, Uncle!" ni Tómi ń pariwo láti kíṣìnnì, pé mò ń ṣe dáadáa. "Nearly there!"

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà ní, "Ṣílẹ̀kùn, kí n wò ó." Iná wà ní títàn. Mo ṣí i. Ó ti irin rẹ̀ wọlé, ó tẹ̀ síwájú bí ara rẹ̀ ṣe lè tẹ̀ tó, ó wò ó pẹ́. Ohun tó rí níbẹ̀, kò sọ. Ó kan fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ní: "Lọ. O ti ṣetán."

Wọ́n rí èéhù méjì nínú ìfun mi, wọ́n gé wọn. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ní ọ̀kan ti ń yí padà sí jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò tíì ta gbòǹgbò, gbogbo rẹ̀ ti kúrò. Wọ́n ní ọdún kan sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Lucan tààrà láti ọ̀dọ̀ wọn, mi ò kọ́kọ́ dé ilé. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán. Kò gbàdúrà, kò jó, kò dì mọ́ mi. Ó ké sí Tómi: "Lọ sí ilé kejì. Sọ fún Ìyá Mínà kó gbé òróró ẹ̀ kaná."

Wọ́n dá ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e fún bọ́tà àkọ́kọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Òtútù ti wọ ọ́ láyà. Dókítà wá, oògùn wá, wọ́n ní àwọn lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n má gbé òun kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ilé Ìyá Mínà, òun ní ohun tí òun fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè kọjá. Ọjọ́ Tọ́sìdeè, ó ti hàn sí gbogbo wa pé ó ń lọ.

Ìyá Mínà wá láàárọ̀ náà láìjẹ́ pé ẹnì kankan pè é. Ó gbé abọ́ idẹ náà dání, ooru ń jáde nínú rẹ̀. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà lé itan ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró ra orúnkún rẹ̀, ó ń yí ọwọ́ po, ó ń yí ọwọ́ po. Mo rò pé Ìyá Àgbà ti lọ jìnnà. Ó la ojú. Ó wo ọwọ́ náà, ó wò mí.

"Sọ fún un pé kò tíì tó àsìkò," ó ní. "Mi ò tíì mu bọ́tà."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Mínà ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ìyẹn ni gbólóhùn tó gbẹ̀yìn lẹ́nu ìyá mi àgbà.

A gbé e lọ sílé, a sin ín sí Ìsẹ́yìn. Màmá Òkè ò wá síbi òkú, torí pé wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rí ibi tí wọ́n ti ń sin àbúrò. Ọjọ́ kẹta, mo dá lọ sí ilé rẹ̀. Kí n sọ òótọ́, ẹ̀rù obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún náà bà mí ju ti ilé ìwòsàn lọ. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àwọn ìyàwó ilé jókòó tì í. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Mo kúnlẹ̀. Mo fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ bí obìnrin, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà."

Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n tún yára dá a dúró nítorí ọ̀fọ̀.

"Ta ni ọkùnrin tó ń kúnlẹ̀ bí ìyàwó yìí?" Màmá Òkè bèèrè.

"Àkànní ni mà. Ọmọ-ọmọ Àbẹ̀kẹ́."

"Wọn ò kọ́ ọ bí ọkùnrin ṣe ń kí ènìyàn ní ìlú òyìnbó ni? Dọ̀bálẹ̀."

"Èmi kọ́ ni mò ń kúnlẹ̀, mà."

Mo wá sọ ọ́: orúnkún, àkísà abẹ́ ìró, ojú tó ń tì í. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ó ti ń dùn ún kó tó wá dágbére?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Láti oṣù mélòó kan ṣáájú."

"Kí ló dé tí kò wá ìtọ́jú sí i?"

Mo lè parọ́ níbẹ̀. Mo mọ irọ́ pa. "Ó rí ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀, mà. Ó ti jókòó sórí tábìlì. Ó sọ̀kalẹ̀ nítorí tèmi, torí àìsàn ń ṣe mí, mo ń fi í pamọ́. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo tèmi. Nígbà tí tèmi sàn, àkókò ò sí mọ́."

Màmá Òkè na ọwọ́. Mo fi orúnkún rìn sún mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan orí mi, ojú mi, ọrùn mi, bí ẹni tó ń wá nǹkan.

"Ìwọ wá ti gbádùn?"

"Mo ti gbádùn, mà."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi lórí, kò gbé e kúrò. Nígbà tó máa fọhùn, kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "o kú àárọ̀. Dìde, orúnkún ń dùn ọ́."